Ìbọn Tí Kì Í Jẹ Oúnjẹ Ẹlòmíràn

"Ó tún ti ń ké," ni Màmá àgbà wí. Ó gbé ife kọfí rẹ̀ sílẹ̀, àwa méjèèjì sì tẹ́tí.

Ìbọn bàbá àgbà ni ó ń ké lára ògiri, lẹ́bàá fèrèsé. Ohùn rẹ̀ rẹlẹ̀, ó sì gùn, bí ìgbà tí ènìyàn bá fẹ́ atẹ́gùn sí ẹnu ìgò. Láti oṣù kẹrin tí a ti sin bàbá àgbà Aslak, ìgbàkúùgbà tí atẹ́gùn bá ti orí òkè wá ni ó ń ké bẹ́ẹ̀. Nígbà ayé rẹ̀, bàbá àgbà kì í ti ìdí ìbọn náà. Ṣíṣí ni ó máa ń fi í sílẹ̀, kí ẹni tó bá wọlé lè rí i pé kò sí nǹkan nínú rẹ̀. Mo mọ̀ pé atẹ́gùn ni. Síbẹ̀, mo máa ń fi ìka di etí.

"Ebi ló ń pa á," ni Màmá àgbà wí.

Bí bàbá àgbà ṣe máa ń sọ ọ́ nìyẹn. Oúnjẹ ni ó ń pe ọta. Ọ̀nà inú ìbọn náà fẹ̀ ju ti gbogbo ìbọn tó wà ní àfonífojì wa lọ, àwọn tó ń ṣe ọta rẹ̀ sì ti jáwọ́ kí wọ́n tó bí bàbá àgbà. Fúnra rẹ̀ ni ó ń yọ́ òjé, tí ó ń dà á, tí ó ń wọn ọta ní ọ̀kọ̀ọ̀kan. "Eldrid," ni ó máa ń wí fún mi, "ìbọn yìí kì í jẹ oúnjẹ ẹlòmíràn." Lẹ́yìn ọta kọ̀ọ̀kan tí ó bá yìn, yóò ṣí ìdí ìbọn, yóò gbé ẹnu lé e, yóò sì fẹ́ atẹ́gùn sí i. Bí ó bá ké, yóò rẹ́rìn-ín, yóò tún kì í.

Lọ́dọọdún, kí ọdẹ ìgalà ńlá tó bẹ̀rẹ̀, a ní láti yege nínú ìdánwò ìbọn yíyìn. Ẹni tí kò bá yege kò ní dúró sí ibùba kankan. Ibùba bàbá àgbà wà létí adágún, ìran mẹ́rin nínú ìdílé wa ló sì ti dúró níbẹ̀. Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ pé ọmọ ọdún méjìdínlógún ni, èmi nìkan ló sì kù. Bí n kò bá yege ní Sátidé, ẹgbẹ́ ọdẹ yóò fi ibẹ̀ fún ẹlòmíràn.

Bàbá àgbà kò fi ọta kankan sílẹ̀, nítorí náà mo gbé ìbọn náà lọ bá Bàbá Torfinn, alágbẹ̀dẹ ìbọn. Ó fi iná wo inú rẹ̀ títí.

"Mo lè gbẹ́ inú rẹ̀, kí n ki ọ̀pá tóóró bọ̀ ọ́, kí ó lè máa jẹ ọta òde òní," ni ó wí. "Ṣùgbọ́n ìyẹn kì í ṣe ìbọn Aslak mọ́. Bí o bá sì lè dúró fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, màá da ọta tó bá a mu fún ọ."

"Bàbá, ọjọ́ Sátidé ni ìdánwò."

"Wá mú tèmi lọ ṣe é nígbà náà. Ta ni yóò bínú sí ọ?"

Kò sí ẹni tí yóò bínú. Ṣùgbọ́n ìgbéraga ti gùn mí. Mo ní kò sí ará ilé wa tó fi ìbọn oníbọn dúró létí adágún rí. Ó wò mí, ó ní, "Ọmọ mi, ohun tí a bá fẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́." Mo dúpẹ́, mo sì jáde.

Sjur, tí a jọ wà ní kíláàsì kan náà, ló rí ọ̀nà àbùjá. Ó kó ọta mẹ́fà wá láti inú àpótí bàbá rẹ̀. Wọ́n fi díẹ̀ tín-ín-rín ju ọ̀nà inú ìbọn wa lọ.

"A ó fi bébà wé e," ni ó wí. "Yóò há dáadáa."

"Bàbá ní kì í jẹ oúnjẹ ẹlòmíràn."

"Ọmọ bàbá àgbà! Ṣé ìbọn náà máa ń gbàdúrà kó tó jẹun ni?"

Mo rẹ́rìn-ín, nítorí n kò fẹ́ kí ó máa fi mí ṣe yẹ̀yẹ́.

Ní àárọ̀ Ọjọ́bọ̀, a gba ẹ̀yìn oko lọ sí ibi tí wọ́n ti ń wa òkúta. Mo ti purọ́ fún Màmá àgbà pé iléèwé ni mò ń lọ. Kùrukùru bo ilẹ̀ débi pé a kò rí ògiri òkúta tó wà níwájú wa, pátákó tí a fẹ́ yìnbọn sí nìkan ló hàn. Kò sí ẹyẹ kan tó ń dún. Mo kì í, mo yìn ín.

Kò dún bí ìbọn. "Puf" péré, bí ẹni mí kanlẹ̀. Pátákó kò mira.

Mo ṣí ìdí ìbọn. Ọwọ́ mi ṣe bí bàbá ti máa ń ṣe kí n tó mọ̀. Mo gbé ẹnu lé e, mo fẹ́ atẹ́gùn.

Kò ké.

Mo tún fẹ́ ẹ. Èémí mi padà sí mi lẹ́nu, ó gbóná, bí ẹni pé ẹnìkan fi àtẹ́lẹwọ́ dí ìbọn náà lápá kejì. Ohùn tí mo ti ń di etí sí láti oṣù kẹrin ni mò ń wá báyìí, n kò sì rí i.

"Kí lò ń ṣe?" Sjur ń rẹ́rìn-ín. "Ṣé ò ń fi ẹnu ko òkú lẹ́nu ni? O ti ń gbọ̀n! Gbé e wá, ọ̀lẹ."

Mo mọ̀. Ọ̀rọ̀ wà lẹ́nu mi: *Ó ti dí, má yìn ín.* Ṣùgbọ́n báwo ni mo ṣe fẹ́ sọ pé ìbọn kò ké? Yóò sọ ọ́ fún gbogbo kíláàsì. Mo na ìbọn náà sí i.

Ó kì í. Ó yìn ín.

Lọ́tẹ̀ yìí, ó dún, ó sì bẹ́ mọ́ ọn lọ́wọ́.

Nígbà tí Bàbá Torfinn rẹ́ ọ̀pá ìbọn náà wò níwájú ọlọ́pàá, wọ́n bá ọta méjì nínú rẹ̀, ọ̀kan rọ̀ mọ́ ẹ̀yìn èkejì. Èmi ló fi ọta àkọ́kọ́ sílẹ̀ níbẹ̀. Sjur pàdánù ìka méjì, ojú òsì rẹ̀ kò sì ríran mọ́. Wọ́n fi ibùba etí adágún fún ìdílé mìíràn. Èmi ni mo bá wọn gbé àga bàbá àgbà kúrò níbẹ̀.

Mo lọ wo Sjur ní ilé ìwòsàn. Báńdéèjì bo ìdajì ojú rẹ̀.

"Eldrid, o gbọ́ pé kò ké, àbí?"

"Mo gbọ́."

"Kí ló dé tí o ò sọ?"

Kò bínú. Ìbéèrè lásán ni. Nígbà tí nọ́ọ̀sì dé, mo dìde, mo sì lọ.

Atẹ́gùn ti ń fẹ́ láti orí òkè báyìí. Ìṣó nìkan ló kù lára ògiri. Bí fèrèsé bá mì, Màmá àgbà á gbé ife rẹ̀ sílẹ̀, a ó sì jọ tẹ́tí. Ohun tó ń bà mí lẹ́rù tẹ́lẹ̀ ni a ń retí. Kò ké mọ́.

Ẹ̀yin ẹgbẹ́ mi, ẹnu ẹni la fi ń kọ "mo ò jẹ". Bí ẹ bá mọ̀ pé ewu wà níbì kan, ẹ tètè sọ, bí wọ́n tilẹ̀ máa fi yín ṣe ẹ̀sín. Ẹ̀rín kíláàsì kò ní pẹ́ tán nílẹ̀. Ọ̀rọ̀ tí mo gbé mì ní àárọ̀ ọjọ́ náà kò tíì dà lọ́fun mi títí di òní.