Ebè Ẹgbàárùn-ún Ó Lé Méje

Ìlérí rèé, a sì ti búra sí i: ìtàn yìí kò ní gùn. Ẹni tó gbé ọbẹ̀ kaná kó jókòó; ọbẹ̀ náà kò ní jóná.

Lọ́dún 1962, lọ́jọ́ tí wọ́n fẹ́ pín ogún Àkànjí ní Inísà, Adéjàre, àkọ́bí rẹ̀, ti gbé ẹ̀wù òfì wọ̀ láti àárọ̀. Ó ti di ẹrù, ó ń tẹ́tí sí fèrè rélùwéè láti Òkúkù. Iṣẹ́ ìwakùsà ń dúró dè é ní Jọ́ọ̀sì; Felicia ìyàwó rẹ̀ ti ṣáájú lọ. Ohun kan ló dá a dúró. Nílé wọn, àkọ́bí kò gbọdọ̀ fi ìlú sílẹ̀ kí ogún bàbá rẹ̀ tó pín tán láìṣẹ́kù. Ẹni tó dán an wò kẹ́yìn, òkú rẹ̀ ni rélùwéè gbé padà, bẹ́ẹ̀ owó àlọ nìkan ló san.

Ogún náà kò ju oko iṣu kan lọ, lọ́nà Igbaye. Ebè inú rẹ̀ jẹ́ ẹgbàárùn-ún ó lé méje.

Bàbá Ayọ̀ọlá, olórí ẹbí, wé láwàní rẹ̀ gbàgàdà, ó pín in sí ọ̀nà méjì nítorí ìdí ìyàwó méjì. Ó ku ẹyọ kan. Wọ́n fi àbúrò Àkànjí kan tó jẹ́ obìnrin kún un, ó di ọ̀nà mẹ́ta: ó ku méjì. Ọ̀nà márùn-ún ńkọ́? Méjì náà ló kù. Ọ̀nà méje, mẹ́rin ṣẹ́kù. Ẹbí ń pọ̀ sí i, ebè kò gbà.

Ni wọ́n bá ránṣẹ́ sí Titus, tíṣà ìṣirò ní Ìkìrun. Ó fi ṣọ́ọ̀kì ṣirò sára ilẹ̀kùn títí ilẹ̀kùn fi funfun.

“Ẹ má bínú, Bàbá. Nọ́ńbà yìí ò lẹ́bìí. Ọgbọ́n méjì péré la lè fi pín in: kí ẹnì kan kó gbogbo rẹ̀, tàbí kí èèyàn ẹgbàárùn-ún ó lé méje mú ebè kọ̀ọ̀kan.”

“Kí ẹnì kan kó gbogbo rẹ̀? Olè nìyẹn, kì í ṣe ìpín,” ni Bàbá Ayọ̀ọlá wí. “Ó ku ìkejì.”

Ilé rẹ́rìn-ín. Adéjàre kò rẹ́rìn-ín.

Nígbà tí oòrùn yọ lọ́jọ́ kejì, ó gbé ọkọ́ lọ sóko, ó wó ebè kan palẹ̀. Wọ́n tún oko kà: ẹgbàárùn-ún ó lé méje. Èyí tó wó ṣì tẹ́ sílẹ̀ bí ẹní, kò sì sẹ́ni tó rí tuntun. Ó wó méjì sí i. Iye náà kò yẹ̀. Ọlábímpé, àbúrò rẹ̀, rọra gba ọkọ́ lọ́wọ́ rẹ̀.

“Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ dákun, ẹ má wó o mọ́. Ẹnì kan ń kọ ọ́ láti ìsàlẹ̀.”

Bí ọdún ṣe yí po nìyẹn tí Adéjàre ń gbé abà oko. Felicia kò ránṣẹ́ mọ́. Ìgbà tó di 1963, ìkànìyàn dé. Akọ̀wé kan tó wọ ṣòkòtò kákí bá a lẹ́nu ọ̀nà lọ́sàn-án gangan, ó bi í pé àwọn mélòó ló ń gbé níbẹ̀. Adéjàre ní òun nìkan ni.

Akọ̀wé wo ẹ̀yìn rẹ̀ sínú oko.

“Ẹ̀gbọ́n, ẹ má fi iṣẹ́ ìjọba ṣeré. Àwọn tó dúró lórí ebè wọ̀nyẹn ńkọ́? Kálukú lórí tirẹ̀, wọn ò tiẹ̀ gbin.”

Adéjàre kò yíjú padà. Ó kàn béèrè bóyá gbogbo ebè ló ti lẹ́ni.

“Ó ku ọ̀kan.”

Adéjàre bọ́ bàtà rẹ̀, ó tò ó sẹ́nu ọ̀nà dáadáa.

“Kọ gbogbo wa pọ̀,” ó wí, ó sì wọnú oko lọ.

Ìpín pé lọ́jọ́ náà. Kò ṣẹ́ ku ẹyọ kan.

Ẹ ṣáà gbọ́ bí wọ́n ṣe ń jà pé iye èèyàn tí wọ́n kà lọ́dún náà pọ̀ jù, tí wọ́n ń bú àwọn olóṣèlú. Ẹ jẹ́ kí wọ́n máa bú wọn lọ. Èyí tí ẹ gbọ́ níbí, ẹ jọ̀ọ́, ẹ fi síkùn. Olóṣèlú kì í bínú pẹ́, àwọn tó wà lórí ebè la ò mọ̀.