Ìrẹsì Ẹnu Ọ̀nà Ma Zélina

Ilẹ̀ mọ́ ní abúlé Fon Kano, ọmọ Florise kò jí. Ara rẹ̀ kò gbóná, kò wúkọ́. Lálẹ́ ọjọ́ tó ṣáájú, ó mu ọmú, ó rẹ́rìn-ín sí Octave bàbá rẹ̀, ó sùn, ó sì gba bẹ́ẹ̀ lọ. Àmì dúdú kan wà ní itan rẹ̀. Àmì yìí ni gbogbo abúlé tẹjú mọ́, ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ni ó sì ti ẹnu wọn jáde: sukuyan, àjẹ́ obìnrin tí í bọ́ awọ ara rẹ̀ bí ẹní bọ́ ẹ̀wù, tí í di iná, tí í fò lọ mu ẹ̀jẹ̀ ọmọ ọlọ́mọ.

Ta ni wọn ìbá fura sí bí kò ṣe Ma Zélina, ìyá Octave, tí wọ́n jọ ń gbé inú ọgbà kan? Ìrora oríkèé ti ń bá a fínra láti ìgbà èwe, ìrora náà kò sì dúró sójú kan. Lónìí yóò wa kókò lóko. Lọ́la kò ní lè gbé ife omi. Dókítà ní Roseau ti sọ fún un pé kò ní tán. Òun fúnra rẹ̀ ni ó wá ọgbọ́n dá. Bí ó bá ti ń gbúròó rẹ̀ nínú eegun, á fi iṣẹ́ sílẹ̀ láìparí, á yan ìrẹsì gbígbẹ nínú ìkòkò, á dà á sínú àpò aṣọ, á sì so ó gbígbóná mọ́ ọrùn ọwọ́. Ìkọ̀kọ̀ ni ó ti ń ṣe é, nítorí ojú ń tì í láti máa fi oúnjẹ ilé tọ́jú eegun. Iná ìdájí rẹ̀ ni àwọn aládùúgbò ń rí láàárín igi kòkó.

“Awọ méjì ni obìnrin yẹn ní,” ni Eudoxie aládùúgbò wí. “Florise, ṣé o ò rí i ní Sátidé ni? Ó ń jó ijó bèlè bí ọmọge! Nígbà tó di ọjọ́ Àìkú, ó ń rákò bí alákàn.”

“Ìyá ọkọ mi ni.”

“Ìyá ọkọ kẹ̀? Ọmọ ta ló kú?”

Florise dojú kọ ọkọ rẹ̀. “Octave, ìyá ẹ ló pa ọmọ mi.”

“Pa ẹnu ẹ mọ́!”

“Jẹ́ ká da ìrẹsì sẹ́nu ọ̀nà ẹ̀ nígbà náà,” ni Florise wí. “Sukuyan kì í lè ré ìrẹsì tó dànù kọjá. Bí kì í bá ṣe òun, á rékọjá. Bó bá jẹ́ òun ni, kò sí bó ṣe máa ṣe é tí ò ní ṣà á lẹ́yọ lẹ́yọ.”

“Bó bá ṣà á,” ni Octave wí níkẹyìn, “kò ní gbé ilé yìí mọ́. Kó gba orí òkè lọ.”

Wọ́n da ìrẹsì náà sílẹ̀ lóru. Nígbà tí ojúmọ́ ń là, àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta àti aládùúgbò mélòó kan lúgọ sẹ́yìn àtíbàbà ìsákòkó, Florise gbé abọ́ iyọ̀ àti ata, tí wọ́n ní í jó awọ sukuyan, dání. Ẹyẹ kan ké lókè orí wọn. “Òun nìyẹn, ó ti fò wọlé dé,” ni Eudoxie sọ wúyẹ́wúyẹ́.

Ọ̀fọ̀ ọmọ ti ru ìrora Ma Zélina sókè ju ti àtẹ̀yìnwá lọ. Ó fa ara rẹ̀ jáde láti wá igi ìdáná, ó rí ìrẹsì nílẹ̀, ó wo àpò tó so mọ́ ọwọ́ rẹ̀. “Háà! Oògùn mi dànù.” Ó kúnlẹ̀ pẹ̀lú ìkérora, ó bẹ̀rẹ̀ sí ṣà á.

“Ẹ wá wò ó! Ó ń ṣà á!” ni Eudoxie kígbe. “Florise, ata dà?”

Florise sáré gbá a lọ́wọ́ mú. Ọwọ́ náà wú, ó gbóná bí òkúta ààrò, àwọn ìka kò lè ká. Ẹyọ ìrẹsì ń yọ̀ bọ́ láàárín wọn. Arúgbó náà ké tó bẹ́ẹ̀ tí àwọn adìẹ fi tú ká.

“Yéè! Rọra, ọmọ mi! Mo rò pé àpò mi ló jò. Mi ò fẹ́ pè ẹ́, kí n má dí ẹ lọ́wọ́ oorun. O ò tíì sùn láti ìgbà tí ọmọ ti lọ.”

Florise fi ìka tẹ àpò tí ó wà ní ọrùn ọwọ́ náà. Ìrẹsì ni ó wà nínú rẹ̀, ó ṣì lọ́ wọ́ọ́rọ́.

“Kí lò ń dúró dè?” ni Eudoxie wí. “Dà á sí i lára!”

Florise gbé abọ́ ata kalẹ̀. Ó kúnlẹ̀, ó sì ń ṣa ìrẹsì.

“Ṣé ìwọ náà ti di sukuyan ni?”

“Bó bá jẹ́ pé ìrẹsì ṣíṣà ni, èmi rèé. Ata nìyẹn nílẹ̀, Eudoxie. Gbé e.”

Ẹnikẹ́ni kò fọwọ́ kàn án. Octave kọjú sí òpó àtíbàbà. Àwọn aládùúgbò ń yọ́ lọ ní ọ̀kọ̀ọ̀kan. Kò sí ẹni tí ó tọrọ àforíjì.

“Ma,” ni Florise wí, “ṣé ìrora yìí kì í tán rárá?”

“Kì í tán. Á lọ, á tún bọ̀. Bó bá ti dìde, èmi a jókòó. N kì í bá a du ọ̀nà.”

Florise fọwọ́ kan àyà rẹ̀, níbi tí omi ọmú ti rin aṣọ rẹ̀ gbingbin. “Tèmi yìí ńkọ́?”

Ma Zélina jókòó pẹ̀lú ìnira sórí àtẹ̀gùn ẹnu ọ̀nà, ó sún, ó fi àyè sílẹ̀ fún un.

“Jókòó,” ni ó wí.