Ihò Wẹ́wẹ́ Lára Lẹ́tà Ìfẹ́

"Gbé apá sókè."

Ọmọkùnrin náà gbé apá sókè. Ọmọbìnrin ìyá aránṣọ fa téèpù yí i láyà, ó sì jí ojú rẹ̀ wò. Ọmọkùnrin yìí ni yóò ṣe àfẹ́sọ́nà nínú eré apanilẹ́rìn-ín ilé-ìwé wọn. Lẹ́tà ìfẹ́ mẹ́ta tó ní orúkọ rẹ̀ nísàlẹ̀ ti wọ inú àpò ìwé ọmọbìnrin náà lọ́sẹ̀ yìí. Ẹ̀kẹta ní kó wá pàdé òun lẹ́yìn ìtàgé lọ́jọ́ Ẹtì.

"Bó o ṣe ń wọn ọmọ ọlọ́mọ yìí, ṣé pósí lo fẹ́ kàn fún un ni?" ìyá rẹ̀ bi í láti ibi tó ti ń géṣọ.

Ọmọkùnrin náà rẹ́rìn-ín. "Ẹ jọ̀ọ́ mà, ṣé ó máa tó parí? Wọ́n ti ń gbá bọ́ọ̀lù."

Ara fu ọmọbìnrin náà. Ẹni tó kọ̀wé pé oorun ò kun òun mọ́, bọ́ọ̀lù ló ń rò?

Nígbà tí ọmọkùnrin náà lọ, ọmọbìnrin náà na lẹ́tà kẹta sójú fèrèsé. Ìmọ́lẹ̀ gba àwọn ihò wẹ́wẹ́ kan wọlé, wọ́n tò bí èèrà. Ó mọ̀ wọ́n. Kẹ̀kẹ́ kékeré eléyín tí wọ́n fi ń la ilà sára pépà kí wọ́n tó géṣọ ló ń dá irú ihò bẹ́ẹ̀. Ẹni mẹ́ta ló ń lò ó: ìyá rẹ̀, òun, àti Ẹlẹ́rìn-ín, ọ̀rẹ́ rẹ̀ tó ń wá kọ́ṣẹ́ lẹ́yìn ilé-ìwé.

Ó wù ú kó jẹ́ pé ojú òun ló ṣì í rí.

Ẹlẹ́rìn-ín wọlé.

"Ìwọ lo kọ ọ́."

"Háà! Àwàdà ni, jàre! Ṣé nínú eré wa, ìránṣẹ́bìnrin ò fi lẹ́tà ìfẹ́ tan baba ahun yẹn ni? Ṣebí gbogbo wa là ń rẹ́rìn-ín?"

"Ta ló máa wà lẹ́yìn ìtàgé lọ́jọ́ Ẹtì?"

Ẹlẹ́rìn-ín wolẹ̀. "Gbogbo kíláàsì."

Ọmọbìnrin náà ká téèpù rẹ̀. Kò sunkún.

"Ẹni tí a ní kó féni lójú, tó wá fi ata sẹ́nu," ni ìyá rẹ̀ wí.

Ẹlẹ́rìn-ín bẹ̀bẹ̀, ọ̀rẹ́ rẹ̀ sì dárí jì í. Àmọ́ láti ọjọ́ náà, bí Ẹlẹ́rìn-ín bá ní òjò ń bọ̀, ọmọbìnrin náà á kọ́kọ́ yọjú wo ojú ọ̀run. Nígbà tó yá, ó sú Ẹlẹ́rìn-ín, kò wá mọ́.

Lórí ìtàgé, ẹni tí wọ́n ń tàn mọ̀ pé eré ni. Nílé, kò mọ̀. Irọ́ tí a bá fi ìfẹ́ bò, bó bá já, ọ̀rẹ́ ló ń bá a já.

Ẹ̀rọ ìránṣọ méjì ló wà ní ṣọ́ọ̀bù náà fún àwọn ọmọṣẹ́. Ọ̀kan ṣoṣo ni wọ́n ń lò báyìí.