Wọ́n Ní Kí Ẹ Má Tíì Kà Á Tán

Ọ̀rọ̀ yìí ṣẹlẹ̀. Ẹni tó bá fẹ́ lè pè é ní àlá, ṣùgbọ́n obìnrin tó ṣẹlẹ̀ sí kì í sùn lọ́sàn-án, òun fúnra rẹ̀ ni ìbá sì kọ́kọ́ rẹ́rìn-ín bí ẹlòmíràn bá sọ irú rẹ̀ fún un. Aránṣọ ni. Ohun tó bá fojú rí, tó fọwọ́ wọ̀n, ni ó ń gbà gbọ́.

Ọmọbìnrin kan ṣoṣo ló bí. Nítorí pé ọmọ náà fẹ́ràn àríyànjiyàn, gbogbo ilé ń pè é ní Lọ́yà. Ní àsìkò òjò, ibà dá Lọ́yà dùbúlẹ̀. Ibà náà lọ, ṣùgbọ́n ó fọwọ́ ba ọkàn ọmọ kó tó lọ. Dókítà ní kò gbọdọ̀ sọ̀ kalẹ̀ lórí ibùsùn, kò gbọdọ̀ sáré. Èyí tó kẹ́yìn, ìyá nìkan ni ó rọra sọ ọ́ fún, lẹ́yìn ilẹ̀kùn: ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ dẹ́rù bà á. Ẹ̀rù òjijì kan lè gbé ọmọ yìí lọ.

Ìyá gbé ẹ̀rọ ìránṣọ rẹ̀ wá sílé. Ó ń tẹ́tí sí èémí ọmọ bí ẹni tó gbé ìkòkò kaná tí kò fẹ́ kó jóná. Àmọ́ báwo ni èèyàn ṣe ń mú Lọ́yà dúró sójú kan? Ìwé ló mú un dúró.

Páálí kan ni, tí ìyá rà lọ́wọ́ olùkọ́ kan tó ń kó kúrò ládùúgbò. Àwọn ìtàn ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́ àtijọ́ láti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ló kún inú rẹ̀, tí etí bébà wọn ti pọ́n bíi tíì. Ilé ńlá láàárín pápá. Òjò. Àwọn àlejò tó mọ̀wàáhù, tí wọ́n ń bu tíì fún ara wọn, tí ọ̀kan nínú wọn sì ti bu májèlé sí i. Ìgbà náà ni ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́ yóò dé, èèyàn jẹ́jẹ́ tí ẹnikẹ́ni kò kà sí, tí yóò máa béèrè ọ̀rọ̀ tí kò jọ ọ̀rọ̀: ta ló ti fèrèsé, ta ló gbé fìtílà kúrò níbi tó wà. Níkẹyìn yóò kó gbogbo wọn jọ sí yàrá ìgbàlejò, yóò sì na ìka sí ẹnìkan.

Ohun tí ìyá fẹ́ràn jù nìyẹn. Nínú àwọn ìwé wọ̀nyẹn, kò sí ìbéèrè tí kò ní ìdáhùn. Ayé á ya, ṣùgbọ́n kó tó di ojú ewé tó kẹ́yìn, ẹnìkan á ti rán an padà, ojú rírán kò sì ní hàn. Obìnrin tí kò mọ̀ bóyá ọmọ òun yóò rí oṣù tó ń bọ̀ nílò irú ayé bẹ́ẹ̀.

Ní ìrọ̀lẹ́, yóò gbé àga sẹ́gbẹ̀ẹ́ ibùsùn, yóò kọ ẹ̀yìn sí ilẹ̀kùn. Yóò máa wo Gẹ̀ẹ́sì, yóò sì máa fi Yorùbá sọ ọ́ jáde. Ọgbọ́n kan wà níbẹ̀. Gẹ̀ẹ́sì ní ọ̀rọ̀ kan fún ọkùnrin, ó ní òmíràn fún obìnrin. Bí apààyàn bá ń rìn nínú òkùnkùn, òǹkọ̀wé á jìyà kó tó lè fi í pamọ́. Ti ìyá rọrùn. Ó ṣí ilẹ̀kùn. Ó mú ọ̀bẹ. Ta ni "ó"? Lọ́yà yóò lu ìrọ̀rí, yóò ní ẹ̀tàn ni èyí, kí Màmi sọ bóyá ọkùnrin ni tàbí obìnrin. Ìyá á ní kí lọ́yà jókòó, ẹlẹ́rìí kò tíì sọ̀rọ̀ tán.

Nọ́ọ̀sì tó ń gbé lókè ilé, tó máa ń wá gún ọmọ náà lábẹ́rẹ́, kò fẹ́ràn ìwé wọ̀nyí. Lọ́yà ti fajú ro bí àgbà rí, ó bi í léèrè pé ta ló fọwọ́ kan ìgò oògùn kẹ́yìn. Nọ́ọ̀sì ní ọjọ́ tí òun bá kú nínú ilé yìí, aláìsàn ni kí wọ́n mú.

Ìwé tó kẹ́yìn nínú páálí ló dá ọ̀rọ̀ sílẹ̀.

Òjò ṣẹ̀ṣẹ̀ dá ni. Yàrá ti ń ṣú. Omi ń kán láti etí òrùlé, ó ń kán, ó ń kán. Ìyá kà á pé apààyàn sá sẹ́yìn kọ́tìnì.

"Màmi, wọ́n ní kì í ṣe ẹ̀yìn kọ́tìnì. Inú kọ́bọ́ọ̀dù ni."

Ìyá rẹ́rìn-ín, ó ṣí ewé. Lódì kejì, ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́ wo kọ́tìnì náà, ó rí i pé kò dé ilẹ̀. Ẹsẹ̀ ìbá ti hàn. Inú kọ́bọ́ọ̀dù ni.

Ẹ̀rín kú mọ́ ìyá lẹ́nu.

Lọ́yà kò tíì lè ka Gẹ̀ẹ́sì tó le tó bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹni tó ti ka ìtàn ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́ tó bí ìyá ti kà á kì í sáré gba ohun abàmì gbọ́. Bóyá ẹnìkan ń ka ìwé náà fún ọmọ bí òun bá wọ ilé ìdáná. Ó ta fọ́nrán òwú kan sáàárín ojú ewé, kó lè mọ̀ bí ẹnìkan bá ṣí i. Òwú kò yẹ̀. Síbẹ̀ Lọ́yà tún mọ̀ ṣáájú pé aago yàrá ìgbàlejò ni wọ́n yí sẹ́yìn. Ó ní wọ́n sọ fún òun ni.

Ìyá wá mú ṣọ́ọ̀kì tó fi ń sàmì sára aṣọ, ó lọ̀ ọ́ kúnná. Ó sọ fún Lọ́yà pé èèrà ni òun fẹ́ lé. Láti ẹnu ọ̀nà ló ti bẹ̀rẹ̀ sí í sẹ́ ẹ sílẹ̀, ó ń fẹ̀yìn rìn, ó ń sẹ́ ẹ, títí ó fi dé àga rẹ̀. Ó jókòó. Ó ká ẹsẹ̀ sókè. Ó kàwé.

Kò gbọ́ nǹkan kan. Àní kò gbọ́ omi òrùlé mọ́. Ó gbójú sókè wo fèrèsé: omi ṣì ń kán, ó ń rí i. Kò kàn dún ni.

Nígbà tó ka orí náà dópin, ó yíjú padà.

Láti ẹnu ọ̀nà wá, ìyẹ̀fun funfun náà tẹ́ pẹrẹsẹ bó ṣe fi í sílẹ̀. Àfi lẹ́yìn àga rẹ̀ gan-an. Ojú ẹsẹ̀ méjì wà níbẹ̀, ẹsẹ̀ tí kò wọ bàtà, ó gùn, ó tẹ́ẹ́rẹ́, àwọn ọmọ ìka dojú kọ ẹ̀yìn rẹ̀. Kò sí ipa èyí tó wá. Kò sí ipa èyí tó lọ.

Ìyá kò pariwo. Ọ̀rọ̀ dókítà ti di ìjánu sí i lẹ́nu. Ó rọra pa ìwé dé, ó sì fi ohùn tó fi ń béèrè gígùn apá lọ́wọ́ oníbàárà sọ̀rọ̀.

"Lọ́yà, àwọn tó ń bá ẹ sọ̀rọ̀ yẹn, mélòó ni wọ́n?"

"Ẹnìkan ni, Màmi."

"Kí ló wá dé tó o fi ń sọ pé 'wọ́n'?"

Ọmọ náà wò ó bí ẹni tí ìyá rẹ̀ gbàgbé ẹ̀kọ́ ilé. "Àgbà ni wọ́n. Ṣé kí n máa wá pè wọ́n ní 'ó' ni?"

Ìyá béèrè bóyá ọkùnrin ni tàbí obìnrin. Lọ́yà ní òun kò mọ̀. Wọn kò sọ.

Ìyá ní ó dáa, ìwé náà ti sú òun, àwọn kò ní kà á mọ́. Lọ́yà gbé ọwọ́ sókè. Ó tẹ́tí díẹ̀, bí ẹni tí wọ́n ń pè láti yàrá kejì.

"Wọ́n ní kí ẹ máa kà á. Wọ́n ní kí ẹ má kàn tíì kà á tán. Tó bá tán, àwọn á lọ, àwọn á sì mú yín dání."

Nígbà tí ìyá sọ ọ́ fún nọ́ọ̀sì, ó ní ìrànrán ibà ni. Ó fọwọ́ kan iwájú orí ọmọ. Kò gbóná. Ó wo ilẹ̀ lẹ́yìn àga, ó sún sẹ́yìn. Láti ọjọ́ náà, ìdúró ló fi ń gún abẹ́rẹ́, kì í sì í jókòó sórí àga yẹn mọ́.

Bẹ́ẹ̀ ni obìnrin tó fẹ́ràn òpin ìtàn ṣe bẹ̀rẹ̀ sí í sá fún òpin. Bí ìwé bá sọ gbólóhùn kan, òun á sọ ọ́ di mẹ́wàá. Ó bí ìbejì fún ẹni tí kò ní ìbejì. Ó fi kọ́kọ́rọ́ sí àpò olùṣọ́gbà. Ó jí òkú kan dìde, ó ní oorun ló ń sùn. Lọ́yà ń rẹ́rìn-ín, ó ń jẹun, ẹ̀jẹ̀ ń padà sí ètè rẹ̀. Dókítà gbọ́ ọkàn rẹ̀, ó tún gbọ́ ọ, ó ní ohun tó dára ni, bó tilẹ̀ jẹ́ pé kò yé òun. Ìyá kò mọ ẹni tí òun ìbá dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Ìyẹn gan-an tún ń bà á lẹ́rù.

Ṣùgbọ́n ìwé ní ojú ewé. Ó ku ẹyọ kan.

Ìrọ̀lẹ́ yẹn, omi tún ń kán tí kò dún. Ìyá mú ọwọ́ ọmọ rẹ̀.

"Ọ̀rọ̀ tí wọ́n sọ níjọ́sí. Pé àwọn á mú 'yín' dání. Ìwọ lo fi bọ̀wọ̀ fún mi ni, àbí bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe wí i?"

Kó jẹ́ òun nìkan. Àdúrà rẹ̀ nìyẹn. Bó bá jẹ́ òun nìkan, yóò ka ojú ewé náà tán lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀, yóò fẹnu ko ọmọ lórí, yóò dìde tẹ̀lé wọn.

Lọ́yà ronú dáadáa, bí ẹlẹ́rìí tó ti búra. "Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe wí i. 'Yín' ni wọ́n pè."

"Èmi àti ìwọ?"

"Mi ò mọ̀, Màmi. Wọ́n máa ń bọ̀wọ̀ fún yín gan-an."

Ìyá wo ojú ewé náà. Ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́ ti kó wọn jọ. Orúkọ apààyàn wà níbẹ̀, ó hàn gbangba, ní ìsàlẹ̀ pátápátá. Ó fi àtàǹpàkò bò ó.

"Ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́ na ìka," ni ó wí, ohùn rẹ̀ kò sì gbọ̀n. "Àmọ́ kó tó la ẹnu, wọ́n kan ilẹ̀kùn. Àlejò kan tún dé, tí ẹnikẹ́ni nínú wọn kò retí."

Inú Lọ́yà dùn, ó wọ abẹ́ aṣọ ìbora.

Lẹ́yìn àga, nítòsí etí ìyá, ẹnìkan mí kanlẹ̀, pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, bí àgbà tó ti rìn jìnnà tó sì ṣẹ̀ṣẹ̀ rí ibi jókòó.