Lẹ́tà Tí Kò Ní Àṣìṣe

Ẹ̀yin náà ti fura: ọmọkùnrin tó bá ń sọ Gẹ̀ẹ́sì sí ewúrẹ́ ìyá rẹ̀, kì í ṣe ewúrẹ́ ló ń bá wí. Àwọn aládùúgbò tó wà lẹ́yìn ògiri ló ń bá wí.

Bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ni Boniface ṣe dúró níwájú ilé bàbá rẹ̀ ní Ìdógùn, ní oṣù Kejìlá ọdún 1956. Ewúrẹ́ ń jẹ okùn bàtà rẹ̀. Ó na ìka sí i, ó pariwo pé, "If you were wise, you would leave my shoe!" Ohun tó ń wí ni pé, ì bá jẹ́ pé ewúrẹ́ náà gbọ́n ni, ì bá fi bàtà òun sílẹ̀. Ewúrẹ́ kò gbọ́n, kò sì fi bàtà sílẹ̀. Nínú àwọn méjèèjì, ewúrẹ́ ló lóye gírámà náà jù.

Kíláàsì Kẹta ni Boniface wà ní ilé-ẹ̀kọ́ gírámà kan ní Ọ̀wọ̀. Tíṣà Ìbídàpọ̀, ará Àkókó kan tí kì í tètè rẹ́rìn-ín, ló ń kọ́ wọn ní Gẹ̀ẹ́sì. Ní ọ̀sẹ̀ tó ṣáájú ìsinmi, ó kọ "If I were" sára pátákó, ó ní kí oníkálukú dìde parí rẹ̀. Ọlámúyìwá dìde, ó ní, "If I were the cook, I would put meat in the beans." Gbogbo kíláàsì pàtẹ́wọ́.

"Ẹ gbọ́ mi o," ni Tíṣà wí. "Ẹni tó bá sọ báyìí ń jẹ́wọ́ pé nǹkan náà kò rí bẹ́ẹ̀ ni. Ọlámúyìwá kì í ṣe kúùkù. Ẹran kò sì sí nínú ẹ̀wà."

"Òótọ́ ni, sà!" ni gbogbo kíláàsì dáhùn. Ẹ̀rín sọ.

Boniface kò rẹ́rìn-ín. Kò tilẹ̀ gbọ́. Ó ń la ẹnu, ó ń pa á dé, ó ń tọ́ "were" àti "would" wò bí ẹni tó ń lá oyin. Adùn wọn ló mú délé fún ìsinmi. Ìtumọ̀ wọn wà lára pátákó ní Ọ̀wọ̀.

Ó ní ẹ̀gbọ́n kan, Agatha. Agatha ka Sítáńdáàdì Síìsì tán, ó sì ti ń kọ́ àwọn ọmọ kéékèèké ní Àfò fún ọdún méjì láìní ìwé-ẹ̀rí. Ó ṣe ìdánwò láti wọ ilé-ẹ̀kọ́ tí àwọn Sísítà òyìnbó ìjọ Àgùdà ti ń kọ́ obìnrin ní iṣẹ́ olùkọ́, ó sì yege. Sísítà àgbà wá kọ̀wé sí bàbá rẹ̀: ṣé ó wu ọmọ náà ní tòótọ́? Ṣé bàbá gbà? Nítorí ọdọọdún ni àwọn bàbá kan ń fi ọmọ wọn fọ́kọ nígbà ọyẹ́, tí bẹ́ẹ̀dì á sì ṣófo. Nísàlẹ̀ ìwé náà ni òfin kan wà: ẹni tó bá ti kọjá ọmọ ọdún méjìdínlógún kò ní wọlé. Agatha jẹ́ méjìdínlógún. Oṣù Kẹta tó ń bọ̀ ni yóò pé mọ́kàndínlógún. Ìgbà yìí nìkan ló kù fún un.

Akínyẹlé, bàbá wọn, kò mọ̀wé. Agatha sì wà ní Àfò, wọ́n ń palẹ̀ iléèwé mọ́ fún Kérésì. Boniface ni bàbá pè. Ọmọ gírámà ni ọ̀gá lẹ́tà nínú ilé.

"Kọ ọ́ báyìí," ni bàbá wí. "Bí ó bá wu ọmọ mi láti ṣe tíṣà, tí èmi náà bá sì gbà, èmi fúnra mi ni màá mú un wá fún yín ní oṣù Kìíní. Ó sì ti wù ú. Èmi náà sì ti gbà."

"Bàbá, ẹ jẹ́ ká fi ìparí yẹn sílẹ̀. Ó ń ba gbólóhùn náà jẹ́. Gẹ̀ẹ́sì kì í sọ ọ̀rọ̀ lẹ́ẹ̀mejì."

"Ṣé yóò yé wọn bẹ́ẹ̀?"

"Háà, Bàbá! Òyìnbó ló máa kà á."

Ó wá kọ ọ́: "If my daughter wished to be a teacher, and if I were willing to release her, I would bring her to you myself in January." Ó kà á sókè lẹ́ẹ̀mẹta. Bàbá mi orí bí ìgbà tí wọ́n bá ń ka Látìn ní ṣọ́ọ̀ṣì. Àbẹ̀ẹ́bí, ìyá wọn, pàtẹ́wọ́. Boniface tún da gbólóhùn náà kọ sínú ìwé rẹ̀ kí ó lè fi han Ọlámúyìwá, nítorí àwọn ènìyàn kan wà tí wọn kò lè kọjá odò láìwo ojú ara wọn nínú omi.

Ọ̀sán ọjọ́ kejì ni Agatha dé.

"Jẹ́ kí n rí lẹ́tà náà."

"Mo ti lẹ̀ ẹ́."

"Ṣí i. Ọ̀rọ̀ ayé mi ló wà níbẹ̀."

"Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ má bínú. Gírámà Kíláàsì Kẹta nìyẹn. Sítáńdáàdì Síìsì kò dé ibẹ̀."

Ó sáré gbé e fún Hàmídù awakọ̀, tí lọ́rì rẹ̀ ń lọ sí Ọ̀wọ̀.

Ọ̀sẹ̀ kejì nínú oṣù Kìíní ni èsì dé. Agatha ti di ẹrù sínú àpótí, aṣọ funfun méjì tí wọ́n ní kí ó rán ti wà lókè pátápátá. Ó já lẹ́tà náà láàárín gbogbo wọn. Ó kà á. Ó tún un kà. Lẹ́yìn náà ló sọ ọ́ ní Yorùbá, pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́:

"Sísítà ní ó dun àwọn pé kò wù mí láti ṣe tíṣà, àti pé ẹ̀yin náà kò gbà. Wọ́n dúpẹ́ pé ẹ sọ òtítọ́ fún àwọn láìfi bò. Wọ́n ti fi àyè mi fún ẹlòmíràn."

"Ta ló sọ bẹ́ẹ̀ fún wọn?" ni bàbá bi í.

"Ẹ̀yin ni, Bàbá."

"Èmi?"

Agatha yíjú sí àbúrò rẹ̀. "Lọ mú ìwé rẹ wá."

Boniface mú un wá. Tayọ̀tayọ̀ ló tilẹ̀ fi ṣí ojú ewé náà. Agatha kà á, ó sì túmọ̀ rẹ̀: "Ì bá wu ọmọ mi láti ṣe tíṣà, kí èmi náà sì gbà, ǹ bá mú un wá fún yín."

Bàbá Akínyẹlé dìde. "Ì bá? Ṣé mo sọ pé ì bá? 'Bí ó bá' ni mo wí! Ẹni tó bá ní ì bá wu òun, ṣé kì í ṣe pé kò wù ú ni? Ta ni kò mọ ìyẹn nínú ilé yìí?"

"Bàbá, kò sí àṣìṣe kankan níbẹ̀. Ẹ béèrè lọ́wọ́ ẹni tó bá mọ̀wé."

"Pa ẹnu rẹ mọ́!" Agatha ni. Kò sẹ́ni tó gbọ́ ohùn yẹn lẹ́nu rẹ̀ rí. "Ọdún méjì ni mo fi ń fẹsẹ̀ rìn lọ sí Àfò! Èmi ni mo kàwé, èmi ni mo ṣe ìdánwò, n kò bẹ̀ ọ́ kí o bá mi ṣe é. Ohun kan ṣoṣo tí ilé yìí fẹ́ lọ́wọ́ rẹ ni pé kí o kọ 'bẹ́ẹ̀ ni'. 'Yes', Boniface! Á-bí-dí mẹ́ta péré! O kò rí i kọ, torí kò gùn tó ìwọ!"

Ìyá wọn gbé ìkòkò ọbẹ̀ kúrò níwájú rẹ̀. "Lọ jẹ 'were' lọ́sàn-án yìí," ni Àbẹ̀ẹ́bí wí, "tó bá dalẹ́ kí o fi 'would' lé e."

Bàbá kò lù ú. Ì bá sàn kó lù ú. Lówùúrọ̀ ọjọ́ kejì, òun àti Agatha wọ lọ́rì Hàmídù lọ bá Sísítà. Sísítà káàánú wọn gidigidi. Ọgbọ̀n bẹ́ẹ̀dì ló wà, ọgbọ̀n ọmọbìnrin ló sì wà. Fúnmiọlá, ọmọ Ìdóàní, ti fi aṣọ rẹ̀ kọ́ sí orí bẹ́ẹ̀dì Agatha. Nígbà tí wọ́n padà dé, bàbá kò bá Boniface sọ̀rọ̀ títí ó fi padà sí iléèwé.

Ẹ ó rò pé ojú ti Boniface. Ojú kò tì í. Ó gbé ìwé rẹ̀ lọ bá Tíṣà Ìbídàpọ̀ ní Ọ̀wọ̀, kí olóye lè dá a láre lórí àwọn ará oko.

Tíṣà kà á pẹ̀lú pẹ́ńsù pupa lọ́wọ́. Kò fa ìlà kankan sí i. "Mẹ́wàá nínú mẹ́wàá," ni ó wí.

Inú Boniface dùn. "Mo sọ fún wọn, sà!"

"Nítorí náà, kò wu ẹ̀gbọ́n rẹ láti ṣe tíṣà."

"Ó wù ú, sà."

"Bàbá rẹ ló kọ̀."

"Rárá, sà. Ó gbà."

Tíṣà fi pẹ́ńsù lélẹ̀. Ìbínú mú kí ohùn rẹ̀ rẹlẹ̀. "Irọ́ ni o kọ, ọmọkùnrin yìí. O fi Gẹ̀ẹ́sì tó dára pa irọ́ mọ́ bàbá rẹ. Ká ní o ti ṣi í kọ ni, Sísítà ì bá ní ọmọdé ló kọ ọ́, wọn ì bá sì tún béèrè. Ṣùgbọ́n kò sí àṣìṣe níbẹ̀. Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi gbà á gbọ́."

Ìgbà yẹn ni ó tó yé e. Àwọn baba wa kò jókòó ní Kíláàsì Kẹta, síbẹ̀ wọ́n ti ká gbogbo ẹ̀kọ́ Tíṣà Ìbídàpọ̀ sínú ọ̀rọ̀ kan: àbámọ̀. À bá mọ̀. A kò mọ̀. Gbogbo àgbà ìlú pé, wọn kò rí oògùn rẹ̀. Ẹ̀yin ọmọ iléèwé, ẹ kọ́ èdè kí òtítọ́ yín lè dé etí ẹlòmíràn. Ẹni tó kọ́ ọ nítorí àtigbọ́ ohùn ara rẹ̀, ẹlòmíràn ni yóò jẹ gbèsè rẹ̀.

Ní ìsinmi Àjíǹde, Boniface wá bá Agatha lẹ́yìnkùlé, ó tẹrí ba, ó na ìwé kan sí i. Lẹ́tà sí Sísítà ni, fún ọdún tó ń bọ̀. Ìlà méjì péré: My daughter wishes to be a teacher. I am willing. Kò lẹ̀ ẹ́.

"Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ kà á kí n tó fi ránṣẹ́. Kò sí 'if' kankan níbẹ̀."

Agatha kà á. "Ó dára," ni ó wí. "Ó yé ni."

Oṣù Kẹrin ni wọ́n wà. Agatha ti pé ọmọ ọdún mọ́kàndínlógún.