Ọ̀rọ̀ Tí A Fi Bírò Pupa Fà

Ẹsẹ̀ káfíńtà ni omidan kọ́kọ́ rí, ẹsẹ̀ méjì tí lẹ́búlẹ́bú igi bò, lókè àkàbà, nínú yàrá tí òun àti bàbá rẹ̀ ti ń kọ ìwé atúmọ̀-èdè láti ọdún mọ́kànlá. Pẹpẹ ìwé wọn ló wó, káàdì ọ̀rọ̀ sì tú ká gbogbo ilẹ̀. Ni wọ́n bá ránṣẹ́ pe káfíńtà.

"Ẹ rọra o! Ẹ ti fẹ́ tẹ ọ̀rọ̀ mi mọ́lẹ̀," ni omidan ké sí i bó ṣe ń sọ̀ kalẹ̀.

Káfíńtà gbé ẹsẹ̀ kan dúró sókè. "Èwo nínú wọn, àǹtí?"

Káàdì "ìpàdé" ni. Ó ti há omidan lọ́wọ́ láti ọ̀sẹ̀ méjì. Ó ti to àwọn tó jọ ọ́ sábẹ́ rẹ̀: ìdàpọ̀, àsopọ̀, ìkórajọ, ìgbéyàwó. Ṣùgbọ́n kò mọ ibi tí ọ̀kan parí sí tí èkejì ti bẹ̀rẹ̀.

"Ìyẹn ò le," ni káfíńtà wí. "Ẹ po lẹ́búlẹ́bú igi mọ́ gúlù, ìdàpọ̀ nìyẹn, ẹ ò lè yà wọ́n mọ́. Ẹ kan ìṣó mọ́ pákó méjì, àsopọ̀ nìyẹn. Tẹ́ ẹ bá fa ìṣó yọ, kálukú á gba ilé ẹ̀ lọ."

"Ìpàdé ńkọ́?"

"Bíi tiwa yìí kọ́?"

Omidan rẹ́rìn-ín, kò sì rí nǹkan kan kọ lọ́jọ́ náà.

Pẹpẹ tó yẹ kó gba ọjọ́ kan gba ọ̀sẹ̀ mẹ́ta. Bàbá, tí ojú rẹ̀ ti ń ṣe bàìbàì, rí ìyẹn kedere. "Pẹpẹ yìí mà ń dàgbà o," ni gbogbo ohun tó sọ.

Lọ́jọ́ tí iṣẹ́ parí, káfíńtà ní kí omidan fẹ́ òun. Wọ́n ti pè é síṣẹ́ ní ìlú jíjìn, ọjọ́ Sátidé ló sì gbọ́dọ̀ fèsì.

"Fún mi láyè di Fúráìdè, ọkàn mi," ni omidan wí.

Orí rẹ̀ dàrú. Ó fẹ́ràn ọkùnrin náà gan-an, àmọ́ ta ni yóò máa kàwé fún bàbá? Ara ò rọ okùn, ara ò rọ ẹyẹ.

Lọ́jọ́ Fúráìdè, káfíńtà dé, kò bá a. Omidan ti lọ ra páálí káàdì tuntun. Káàdì "ìpàdé" wà lórí tábìlì. Lábẹ́ rẹ̀, wọ́n ti fi bírò pupa fa "ìgbéyàwó" kọjá, ìlà tó nípọn.

Káfíńtà fi àtàǹpàkò tọ ìlà náà, ó sì yíjú sí ẹnu ọ̀nà. "Bàbá, ẹ bá mi sọ fún un pé mo ti rí èsì."

"Èsì wo?" Bàbá bi ẹnu ọ̀nà, nítorí káfíńtà ti lọ.

Nígbà tí omidan dé tí bàbá jẹ́ ẹ níṣẹ́, ọ̀rọ̀ náà kò yé e rárá. Èsì wo ló rí? Àfi bó ṣe rí àmì àtàǹpàkò lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìlà pupa, lẹ́búlẹ́bú igi sì wà lára rẹ̀. "Yéè! Mo gbé!" Ó sáré jáde.

Ó bá káfíńtà ní ṣọ́ọ̀bù rẹ̀, níbi tó ti ń di irinṣẹ́ sínú àpótí.

"O fa ìgbéyàwó kọjá," ni káfíńtà wí, kò gbójú sókè.

"Tí a ò bá fẹ́ ọ̀rọ̀ kan, bírò dúdú la fi ń fà á. Pupa túmọ̀ sí pé ó tóbi ju ibi tí a fi í sí lọ. Ó máa ní káàdì tiẹ̀."

"Ta ni kó sọ fún mi?"

"Ṣé o bi mí ni?"

Omidan yọ káàdì tuntun nínú báàgì. "Ìgbéyàwó" wà lókè, ìsàlẹ̀ ṣófo.

"Ìwọ tó o mọ gbogbo ọ̀rọ̀?"

"Mi ò mọ eléyìí, ẹ̀rù rẹ̀ sì ń bà mí. Mi ò lè fi bàbá sílẹ̀ lọ ìlú jíjìn. Ṣùgbọ́n mi ò fẹ́ bá ẹlòmíràn wá ìtumọ̀ ẹ̀."

Káfíńtà ṣí àpótí, ó ń kó irinṣẹ́ padà sára ògiri lọ́kọ̀ọ̀kan. "Kí wọ́n wá káfíńtà míì," ló sọ. "Èmi ti ríṣẹ́ síbí."

Nígbà tí ìwé fẹ́ lọ sílé ìtẹ̀wé, bàbá béèrè káàdì ìgbéyàwó lọ́wọ́ omidan àti ọkọ rẹ̀.

"Kò tíì yé wa, bàbá."

"Ẹ fi àyè sílẹ̀ fún un," ni bàbá wí. "Ọgbọ̀n ọdún lèmi àti ìyá rẹ lò nídìí ẹ̀, a ò rí i túmọ̀ tán."