Lọ́rì Tó Gba Orí Afárá Aláwẹ̀

Ní òwúrọ̀ ọjọ́ tí afárá Aláwẹ̀ já, Ṣùkúrù jẹ ẹ̀kọ àti àkàrà lẹ́gbẹ̀ẹ́ mọ́tò rẹ̀ ní gáréèjì Fìdítì, ó nu dígí iwájú, ó sì ń retí èrò Ìmíni bó ṣe máa ń ṣe lójoojúmọ́. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀, Ṣàràfá, ni alága àwọn awakọ̀ níbẹ̀. Ìyá kan náà ló bí wọn, Àlàkẹ́, inú ilé ìyá yìí ni gbogbo wọn sì ń gbé.

Afárá náà, tó wà lórí odò láàárín Fìdítì àti Ìmíni, ti gbó. Ó ti pẹ́ tí kọnkéré abẹ́ rẹ̀ ti ń já bọ́ sódò, tí irin inú rẹ̀ yọ síta, tó dípẹtà. Bí mọ́tò bá gùn ún, ẹni tó ń fọṣọ lódò á rí i pé ó ń mì. Nígbà tí wọ́n gbé iṣẹ́ àtúnṣe rẹ̀ fún Olúwafúnkẹ́, ẹnjiníà kan tó jẹ́ ọmọ Awẹ́, ohun tí Ṣàràfá kọ́kọ́ bi í ni pé ṣé wọ́n fẹ́ ti ọ̀nà pa mọ́ àwọn èrò ni.

Obìnrin náà ní rárá. Ó ṣàlàyé pé ìdajì afárá ni àwọn yóò kọ́kọ́ wó, tí àwọn yóò tún ṣe, kí mọ́tò máa gba ìdajì kejì. Bí ti àkọ́kọ́ bá gbẹ tó sì le dáadáa, mọ́tò á bọ́ síbẹ̀, àwọn á wá kọjú sí èyí tó kù.

"Ṣùgbọ́n ẹ gbọ́ mi o, Alága," ló wí. "Ìdajì tí a fi sílẹ̀ yìí kò lágbára. Mọ́tò kékeré ló lè gbé, ẹyọ kan lẹ́ẹ̀kan. Lọ́rì ò gbọdọ̀ dé ibẹ̀. Kí wọ́n gba Jóbẹ́lẹ̀ yí po, bó ti wù kó jìn tó."

Wọ́n to àgbá sí ẹnu afárá níhà méjèèjì, wọ́n kó òkúta díẹ̀ sínú wọn. Mọ́tò kékeré nìkan ni àlàfo tí wọ́n fi sílẹ̀ gbà. Ọkùnrin ará Ìlọrà kan, Mọ́ṣúdù, ló ń di àsíá pupa mú, tó ń dá ìhà kan dúró kí ìhà kejì tó kọjá. Ọ̀sẹ̀ méjì ni wọ́n fi ṣe bẹ́ẹ̀, ohunkóhun kò ṣe ẹnikẹ́ni. Àwọn awakọ̀ kàn ń kùn pé àwọn ń dúró pẹ́ jù ni, Ṣàràfá alára sì wà lára wọn.

Lọ́jọ́ tí mo ń wí yìí, Ṣàràfá lọ sí afárá ní ọ̀sán láti wo bí mọ́tò ṣe ń lọ. Ẹnjiníà ti lọ wo irin ní Fìdítì, àwọn òṣìṣẹ́ sì wà lábẹ́ igi lókèèrè níbi tí wọ́n ti ń jẹun. Mọ́ṣúdù bẹ̀ ẹ́ pé kó bá òun di àsíá mú díẹ̀ kí òun lọ kírun Àìlà. Ṣàràfá gbà á.

Mọ́ṣúdù ò tíì pẹ́ tó lọ tí lọ́rì ẹlẹ́gẹ̀ẹ́ kan fi dé láti ìhà Ìmíni. Awakọ̀ rẹ̀ sọ̀ kalẹ̀, ó ń bẹ̀bẹ̀. Ó ní láti àná ni wọ́n ti hú ẹ̀gẹ́ náà, àti pé bí òun bá tún yí po, yóò bàjẹ́ lọ́wọ́ òun. Ṣàràfá mọ̀ pé kò yẹ. Ṣùgbọ́n òun ni alága, àánú ọkùnrin náà sì ṣe é. Ó sọ fún ara rẹ̀ pé ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ni. Ó fa àgbá méjì sẹ́yìn níhà kìíní, ó fa méjì níhà kejì, lọ́rì náà sì rọra kọjá.

Bí táyà ẹ̀yìn ṣe ń kúrò lórí afárá, Ṣàràfá gbọ́ ohun kan tó dún ṣákáṣáká lábẹ́, bí igi gbígbẹ tó ń ṣẹ́. Ó gbọ́ ọ dáadáa. Ó ní bóyá òkúta ló bọ́ sómi. Ó fa àwọn àgbá padà sáàyè wọn.

Mọ́ṣúdù padà dé, ó gba àsíá rẹ̀, ó bi í bóyá nǹkan kan ṣẹlẹ̀. Ṣàràfá ní kò sí. Ibẹ̀ ló ṣì dúró sí nígbà tí mọ́tò àbúrò rẹ̀ yọ láti Fìdítì, Haneefah, ọmọ Ṣàràfá, ọmọ ọdún mẹ́rìnlá, sì jókòó síwájú, ó ń lọ kí àǹtí rẹ̀ ní Ìmíni. Ṣùkúrù gbé ọwọ́ sókè kí ẹ̀gbọ́n rẹ̀. Mọ́ṣúdù ju àsíá kó kọjá. Ṣàràfá lanu, kò sọ nǹkan kan. Afárá já lójú rẹ̀, mọ́tò náà sì já sódò.

Haneefah ṣẹ́ lẹ́sẹ̀. Obìnrin kan tó jẹ́ èrò lẹ́yìn mọ́tò ṣẹ́ lápá. Kí wọ́n tó gbé Ṣùkúrù jáde nínú omi, ó ti kú.

Ẹni tí àsíá wà lọ́wọ́ rẹ̀ ni wọ́n mú. Mọ́ṣúdù sọ fún ọlọ́pàá pé òun fi àsíá sílẹ̀ fún Alága nígbà tí òun lọ kírun. Nígbà tí wọ́n bi Ṣàràfá, ó ní ohun tó wúwo kankan ò kọjá lójú òun. Wọ́n ní kí Olúwafúnkẹ́ lọ jókòó sílé, iṣẹ́ dúró. Àwọn ará ìlú ń sọ pé obìnrin náà ló fi afárá tó ti jẹrà sílẹ̀ fún èrò.

Láti ìgbà náà, bí wọ́n bá ti pe ìrun Àìlà, ìró àgbá tí wọ́n ń fà lórí ọ̀dà ni Ṣàràfá máa ń gbọ́. Ó ń gbọ́ ọ nínú ilé, ó ń gbọ́ ọ ní gáréèjì láàárín ariwo èrò. Wọ́n rí bàtà Ṣùkúrù ẹsẹ̀ kan lódò. Àlàkẹ́ fọ̀ ọ́, ó ń sá a sóòrùn níwájú ilé lójoojúmọ́, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ó ti gbẹ. Ẹ̀yìnkùlé ni Ṣàràfá wá ń gbà wọlé. Bó bá sì fẹ́ jẹun, ọwọ́ tí àbúrò rẹ̀ gbé sókè náà ni yóò máa rí.

Nígbà tí ó di ọjọ́ kejìlélógún, ó ń pààrọ̀ ìrọ̀rí abẹ́ ẹsẹ̀ Haneefah.

"Bàbá," ni ọmọ náà wí, "a pàdé lọ́rì kan ká tó dé afárá. Ẹ̀gẹ́ ló kó. Ta ló jẹ́ kó kọjá?"

Ṣàràfá gbé ìrọ̀rí náà sílẹ̀. Ó jáde lọ bá ìyá rẹ̀ níwájú ilé, ó kúnlẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ bàtà náà, ó sọ gbogbo rẹ̀, títí dé orí ìró tó gbọ́ lábẹ́ afárá.

Àlàkẹ́ gbé bàtà náà kúrò lóòrùn. Kò sunkún.

"Èmi kọ́ ló yẹ kó o máa sọ ọ́ fún," ló wí. "Ọmọ ẹlòmíràn wà ní àtìmọ́lé. Dìde, mo ń bá ọ lọ."

Ó bá a lọ ní tòótọ́. Wọ́n tú Mọ́ṣúdù sílẹ̀ lọ́jọ́ náà. Ṣàràfá jẹ́wọ́ nílé ẹjọ́, adájọ́ sì rán an lẹ́wọ̀n ọdún mẹ́ta. Wọ́n dá Olúwafúnkẹ́ padà sẹ́nu iṣẹ́. Ó fi pákó ṣe afárá ẹlẹ́sẹ̀. Mọ́tò Fìdítì ń já èrò síhà kìíní, wọ́n ń fẹsẹ̀ kọjá, mọ́tò Ìmíni ń gbé wọn níhà kejì láìgba owó tuntun. Ìdánwò àwọn akẹ́kọ̀ọ́ bọ́ sí àkókò iṣẹ́ náà, síbẹ̀ ẹnikẹ́ni nínú wọn kò pẹ́ dé ilé ìwé. Lẹ́yìn oṣù mẹ́rin, afárá tuntun parí. Títí di òní, Haneefah kì í bá mọ́tò gun orí rẹ̀. Yóò sọ̀ kalẹ̀, yóò fẹsẹ̀ rìn ín.

Ẹ̀yin tí ẹ ń ka ìtàn yìí, bí ẹ bá rí afárá tó ń mì, tó là, tí irin rẹ̀ yọ síta, ẹ kọ̀wé sí ìjọba ìbílẹ̀ yín, kí ẹ sì tún kọ̀wé bí wọn ò bá dáhùn. Bí àtúnṣe bá bẹ̀rẹ̀, ẹ fara da ìdúró. Ẹ má ṣí ohun tí wọ́n fi dí ọ̀nà nítorí ọ̀rẹ́, ẹ má ṣí i nítorí àánú. Bí ẹ bá sì ti ṣí i, ẹ sọ kí mọ́tò tó tẹ̀ lé e tó dé. Ìṣẹ́jú díẹ̀ péré ni Ṣàràfá ní láti fi sọ ọ́.